Àjẹkù Tòlótòló: Bí A Ṣe Ń Fi Í Se Ọbẹ̀ Aládùn

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ àgbà akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Ìrè, lẹ́yìn ọdún

  

Ọdún ti lọ. Àwọn ọmọ tó wálé ti padà sí Èkó àti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìkòkò kan ṣì wà ní ilé ìdáná. Eegun ẹ̀yìn tòlótòló wà nínú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ wà níbẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì náà wà níbẹ̀. Ẹran díẹ̀díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ eegun. Kí ni ká fi ṣe?

Àwọn kan á ní ká jù ú sí ajá. Àwọn mìíràn á fi ọmọrí dé e, wọn á máa já a jẹ títí di ọjọ́ kẹta. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Ti àkọ́kọ́ ń fi owó ṣòfò. Ti èkejì lè fi ẹ̀mí ṣòfò. Ọ̀nà kẹta wà, òun la fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó: owó ti pa tòlótòló yìí lẹ́ẹ̀kan kí ọdún tó dé. Ẹni tó lọ rà á mọ ohun tó jáde lápò rẹ̀. Ọbẹ̀ tí a fẹ́ sè yìí, ọgbọ́n ni yóò pa á. Kò tún yẹ kí owó ńlá bá a lọ mọ́.

IBI TÍ TÒLÓTÒLÓ TI WÁ

Awó ni ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Tòlótòló ní tirẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ilẹ̀ Mẹ́síkò, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sìn ín nílé. Ó ti ju 2,000 ọdún lọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ti ń sìn ín. Lẹ́yìn ọdún 1500 ni àwọn ará Sípéènì gbé e dé Yúróòpù. Láti ọwọ́ àwọn Òyìnbó ni ó sì ti dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá ti gbọ́ igbe akọ rẹ̀ kò ní béèrè ibi tí a ti rí orúkọ tí a ń pè é.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ọjọ́ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kọkànlá ni. Ní ọdún 1863 ni Ààrẹ Abraham Lincoln kéde rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Ní ọdún 1941 ni òfin wá fi ìdí Ọjọ́bọ̀ kẹrin múlẹ̀. Tòlótòló ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀pọ̀ ìyá ilé níbẹ̀ á kó eegun rẹ̀ sínú ìkòkò, wọn á fi se ọbẹ̀ olómi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ bi wọ́n léèrè. Olówó ni wọ́n, síbẹ̀ wọn kì í ju eegun nù. Kí ni tiwa tí a ó fi jù ú?

ÌDÍ TÍ EEGUN FI NÍ ADÙN

Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé tí a bá se ẹsẹ̀ màlúù pẹ́, omi rẹ̀ á máa fà bí àtè. Tó bá tutù, á dì bí ẹ̀kọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni eegun tòlótòló rí. Nínú oríkèé, nínú kerekere, àti nínú awọ, ohun kan wà tó le nígbà tó wà ní tútù, ṣùgbọ́n tí iná pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ máa ń yọ́ sínú omi. Òun ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki, kó sì dúró lẹ́nu. Awọ tí a ti yan tàbí tí a ti dín tún ní adùn tirẹ̀ tí ẹran tútù kò ní.

Ṣùgbọ́n iná líle kọ́ ló ń yọ ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tí omi bá ń hó yàà, ọ̀rá á pò mọ́ omi, ọbẹ̀ á dàrú. Iná díẹ̀ tó ń jó pẹ́ ló ń ṣe é.

KÍ A TÓ GBÉ ÌKÒKÒ KANÁ: Ẹ WO AAGO

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1860, ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé. Louis Pasteur ni orúkọ rẹ̀. Ó se omi oúnjẹ nínú ìgò kan tí ọrùn rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Afẹ́fẹ́ ń wọ inú ìgò náà, ṣùgbọ́n eruku há sí ọrùn rẹ̀. Omi náà wà bẹ́ẹ̀, kò bàjẹ́. Nígbà tí ó ṣẹ́ ọrùn ìgò náà, tí eruku ráyè wọlé, ó bàjẹ́. Báyìí ni ó fi hàn pé oúnjẹ kì í ṣàdédé bàjẹ́. Kòkòrò tí ojú wa kò lè rí ló ń wọ inú rẹ̀, tó ń bí sí i níbẹ̀.

Kòkòrò wọ̀nyí wà lọ́wọ́ wa, wọ́n wà lára eṣinṣin, wọ́n wà lára ọ̀bẹ tí a fi gé ẹran tútù. Wọn kò fẹ́ràn òtútù, wọn kò sì fẹ́ràn iná. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni ìlọ́wọ́ọ́wọ́, bí ìkòkò ńlá tí a dé mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó. Nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, wọ́n lè di ìlọ́po méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ nìyí: ẹran tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì ju wákàtí 2 lọ. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru bá ju ìwọ̀n 32 lọ lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru, kó má ju wákàtí 1 lọ. Ẹran tó sun ìta mọ́jú, ẹ má tún fi se ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹnìkan á ní, “Ṣebí àwọn ìyá wa máa ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́?” Bẹ́ẹ̀ ni, ọgbọ́n gidi sì ni. Wọ́n ń ṣe é kí a tó gbọ́ orúkọ Pasteur. Híhó ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ń dín kòkòrò kù. Ṣùgbọ́n kò lè tún ọbẹ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Èkíní, àwọn kòkòrò kan máa ń fi èèpo líle bo ara wọn bí irúgbìn, omi híhó kò sì pa wọ́n. Tí ìkòkò bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á tún jí dìde. Èkejì, àwọn kan máa ń pọ májèlé sínú oúnjẹ. Kòkòrò náà á kú lórí iná, ṣùgbọ́n májèlé tó ti pọ̀ sílẹ̀ kò ní kú. Iná ń ṣọ́ ọbẹ̀ tó dára. Kì í jí ọbẹ̀ tó ti kú dìde.

Ẹ má sì fi ìmú nìkan dán ọbẹ̀ wò. Ọbẹ̀ tó lè pani lára lè máa ta sánsán.

BÍ A ṢE Ń SÈ É

Ẹ mú ìwé yín, ẹ kọ ohun tí a ó lò sílẹ̀:

Eegun tòlótòló kan, pẹ̀lú ọrùn àti apá
Ẹran tí a yà kúrò lára eegun, ife 3
Omi tútù, ife 16
Àlùbọ́sà ńlá 3
Atalẹ̀, ìwọ̀n àtàǹpàkò kan
Tàtàṣé 4 àti tòmátì 4
Ata rodo 3, tàbí bí ẹnu bá ṣe lè gbà á tó
Irú, ṣíbí ìjẹun 2
Ẹ̀gúsí lílọ̀, ife 2
Epo pupa, ìdajì ife
Ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, ìdì 2
Iyọ̀

Èkíní. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ ya ẹran kúrò lára eegun bí àwọn èèyàn bá ti ń dìde nídìí oúnjẹ, kó má di alẹ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni ti gé jẹ lẹ́nu, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, ẹ má kó o mọ́ ti ìkòkò. Ẹ bo ẹran tí ẹ yà, ẹ gbé e sínú fíríjì. Tí kò bá sí fíríjì, ẹ se ọbẹ̀ náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Èkejì. Ẹ ṣẹ́ eegun ńlá sí méjì méjì kó lè wọ ìkòkò. Ibi tó bá ti jó dúdú, ẹ ha á dànù, nítorí ó ń korò nínú ọbẹ̀ bí ewúro. Ẹ da omi tútù lé eegun náà. Ẹ gé àlùbọ́sà kan àti atalẹ̀ sí i. Ẹ má tíì fi iyọ̀ tàbí magí sí i. Ẹ rántí pé a ti fi iyọ̀ pa tòlótòló lára kí a tó yan án. Iyọ̀ yẹn á jáde, bí omi bá sì ti ń fà, yóò máa le sí i.

Ẹ̀kẹta. Nígbà tí ó bá hó, ìfóòfó á léfòó. Ẹ fi ṣíbí kó o dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ fa igi jáde lábẹ́ ìkòkò, tàbí kí ẹ rẹ iná sítóòfù sílẹ̀. Kí omi máa mì tìtì díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 2. Ẹ lè máa ka ìwé yín nídìí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ omi náà. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí eegun wẹ́wẹ́ lè há ọmọdé lọ́fun. Nǹkan bí ife 8 ni yóò kù. Ẹ mú 5 fún ọbẹ̀ yìí. Ẹ pa 3 yòókù mọ́. Ẹ lè fi se ìrẹsì lọ́la dípò omi lásán.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹ lọ tàtàṣé, tòmátì, ata rodo àti àlùbọ́sà kan. Ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kó má baà kan. Ẹ gbé epo kaná, ẹ gé àlùbọ́sà tó kù sí i. Tí àlùbọ́sà bá ti rọ̀, ẹ da irú sí i. Ẹ jẹ́ kí òórùn rẹ̀ jáde kí ẹ tó da ata sí i. Ẹ dín in fún ìṣẹ́jú 15.

Ẹ̀kẹfà. Ẹ da ife 5 omi eegun sí i. Tí ó bá ti hó, ẹ fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí, kí ẹ máa fi ṣíbí já a sínú ọbẹ̀. Ẹ má rò ó. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 20 lórí iná díẹ̀. Ó di ìgbà náà kí ẹ tó ro ó.

Èkeje. Ìgbà yìí ni ẹran ń wọlé. Kì í ṣe ṣáájú. Ẹran tó ti jiná lẹ́ẹ̀kan, tí a bá tún sè é pẹ́, àyà rẹ̀ á le bí igi, adùn rẹ̀ á sì tán. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ hó gidi pẹ̀lú ẹran fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ da ẹ̀fọ́ tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì ti rẹ́ sí i. Ẹ tọ́ ọ wò. Nísinsìnyí ni ẹ lè bu iyọ̀ sí i, tó bá kù díẹ̀.

Ẹ gún iyán, tàbí kí ẹ ro àmàlà, kí ẹ sì pe àwọn ará ilé. Ẹni tí kò sí nílé nígbà tí a ń sè é yóò rò pé tòlótòló mìíràn la tún pa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju eegun tí a ti sè fún ajá. Eegun ẹyẹ tó ti jiná máa ń là sí ṣóńṣó ṣóńṣó, ó sì lè gún ajá nínú. Ẹ wa ilẹ̀, ẹ bò ó.

BÍ A ṢE Ń PA Á MỌ́

Tí ọbẹ̀ bá ṣẹ́kù, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò ńlá kó tutù fúnra rẹ̀. Àárín ìkòkò ńlá lè wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú. Ẹ bù ú sínú abọ́ kéékèèké tí kò jìn. Ẹ gbé abọ́ náà sínú omi tútù, ẹ máa rò ó, kó lè tètè tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú fíríjì. Ó lè lo ọjọ́ 3 sí 4 níbẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ ni kí ẹ bù, kí ó sì hó dáadáa.

Gbogbo wa la mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe. Tí iná bá lọ, ẹ má ṣílẹ̀kùn fíríjì. Tí a kò bá ṣí i, òtútù inú rẹ̀ lè dúró fún nǹkan bí wákàtí 4. Fíríísà tó kún lè mú un di wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì lè mú un di wákàtí 24. Nítorí náà, ẹ kọ àkókò tí iná lọ sílẹ̀. Ẹ má sọ pé, “Ó dà bíi pé àná ni.” “Ó dà bíi pé” ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dùbúlẹ̀.

Ibí yìí ni ìwé kíkọ ti wúlò. Ẹ gé bébà kékeré, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ọbẹ̀ tòlótòló, 26 Oṣù Kejìlá.” Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abọ́ náà. Ẹni tó bá lè kọ ọjọ́, tó sì lè kà á, ti ní olùṣọ́ nínú ilé ìdáná rẹ̀.

TÍ INÚ BÁ Ń RUN ARÁ ILÉ

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Tí a bá jẹun tán nínú ilé ńlá, tí mẹ́ta mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í bì tí wọ́n ń yàgbẹ́, kí ni a kọ́kọ́ máa ń sọ? “Wọ́n ti fi nǹkan sí i.” Kíá, ojú gbogbo ayé á yí sí ẹni tó bu ọbẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Ó lè jẹ́ orogún, ó lè jẹ́ opó tó wá ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan yìí lè tú ilé ká. Ọmọ ìyá kò ní bá ọmọ ìyá jẹun mọ́ títí wọn ó fi kú.

A ò sọ pé èèyàn burúkú kò sí láyé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ tó dá ènìyàn lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ bi ìkòkò léèrè. Ìgbà wo ni a sè é? Wákàtí mélòó ni ó fi wà níta? Ta ló jẹ nínú rẹ̀, ta ni kò jẹ? Májèlé tí kòkòrò ti pọ̀ sílẹ̀ lè mú ènìyàn láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí 8. Irú kòkòrò mìíràn, tó fẹ́ràn ìkòkò ẹran ńlá, lè lo wákàtí 6 sí 24 kó tó mú ni. Tí ìdáhùn bá fi hàn pé ìkòkò náà sun ìta mọ́jú, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Kì í ṣe ìyàwó ilé.

Ẹ tọ́jú aláìsàn. Ẹ mú omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Kí ṣíbí dọ́gba lẹ́nu, kó má lé téńté. Ẹ pò ó pọ̀, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ń fa omi ara gbẹ, gbígbẹ yẹn ló sì ń yára pa ọmọdé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ara bá gbóná gan-an, tí aláìsàn kò bá lè mu omi dúró, tàbí tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, aboyún tàbí arúgbó, ẹ má dúró nílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀yin ará, ó tó gẹ́ẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe kí a tó tún pàdé nìyí. Kí olúkúlùkù kọ ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ ń gbà se ọbẹ̀ eegun sínú ìwé rẹ̀, kó kọ iye omi àti iye wákàtí sí i. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Bàbá tó mọ iye wákàtí tí ẹran ti lò níta lè gba ọmọ rẹ̀ là nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà lọ́jà. A ó ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ara wa, a ó sì yan èyí tó dára jù.

Ọlọ́run kó jẹ́ ká jẹ èrè ọdún.